Ta Ló Kọ́kọ́ Bọ Ọwọ́ Sínú Ìkòkò?

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ìyá onílé mi níhìn-ín ní Williston, ìpínlẹ̀ North Dakota, pè mí wá sídìí tábìlì ìdáná rẹ̀ pé kí n bá òun fi ojú ọ̀dọ́ wo ìwé kan. Ìwé péńpé tó máa ń bá ṣẹ́ẹ̀kì owó epo rẹ̀ wá lóṣooṣù ni. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Láti Norway ni àwọn òbí bàbá rẹ̀ ti wá, wọ́n gbin àlìkámà sórí ilẹ̀ yìí, epo tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣì jẹ́ ti ìdílé wọn dòní.

Ìlà epo rọ̀bì kò burú. Ìlà gáàsì ló jẹ́ kí n fa àga sún mọ́ tábìlì. Iye tí gáàsì tirẹ̀ jẹ́ lóṣù náà, dọ́là 61. Ìlà mẹ́ta wá tẹ̀lé e, gbogbo wọn pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú: owó kíkó gáàsì jọ láti orí kànga, owó fífún un pọ̀ wọ inú páìpù, owó títún un ṣe. Ohun tó kù nísàlẹ̀ jẹ́ dọ́là 7. Ó ní, "Àbí ojú mi ló ń ṣe mí?" Mo ní rárá mà, ojú yín mọ́lẹ̀ kedere.

Àtìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti ń gbé mi nínú, ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ níbí.

Owó tí wọ́n ń san fún onílẹ̀ lórí epo, tí wọ́n ń pè ní róyátì, àwa ní orúkọ fún un kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ kànga epo kankan: ìṣákọ́lẹ̀ ni. Bàbá mi àgbà dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ lọ́nà Ìdànrè. Lọ́dọọdún, tí kòkó bá ti gbẹ, á wọn ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀, á gbé e lọ fún onílẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n sọ pé ó yọ owó àpò, tàbí owó àwọn tó bá a fọ́ kòkó, tàbí owó ọkọ̀ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà á. Ká ní ó dán an wò, ìdájọ́ inú àgbàlá onílẹ̀ lọ́jọ́ náà ì bá dùn ún wò. Ìnáwó oko, ti olóko ni. Ìpín onílẹ̀, orí ohun tí ilẹ̀ so ni wọ́n ti ń gé e.

Ṣùgbọ́n ní North Dakota, ọ̀rọ̀ kékeré kan nínú ìwé àdéhùn lè sọ ìṣákọ́lẹ̀ di ohun mìíràn. Tí ìwé ìyá onílé mi bá sọ pé iye tí gáàsì jẹ́ "lójú kànga" ni wọn yóò fi ṣírò ìpín rẹ̀, ohun tí iléeṣẹ́ tó ń wa epo yóò sọ ni pé gáàsì kì í ní ọjà lójú kànga, ó di ìgbà tí a bá kó o jọ, tí a fún un pọ̀, tí a tún un ṣe, nítorí náà kí a yọ gbogbo ìnáwó yẹn kí a tó mọ iye tó jẹ́ lójú kànga. Lọ́dún 2009, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀ náà gbà pẹ̀lú wọn. Ní 2019, ilé ẹjọ́ kan náà tún gbọ́ ẹjọ́ iléeṣẹ́ epo Newfield pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀. Ilẹ̀ ìjọba ló wà nílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ inú ìwé àdéhùn ìjọba sì yàtọ̀. Ilé ẹjọ́ ní iléeṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ ìnáwó wọ̀nyẹn nínú ìpín ìjọba.

Inú mi dùn sí èyí, torí ilé ìwé ló ni apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà. Nígbà tí North Dakota di ìpínlẹ̀ lọ́dún 1889, ìjọba àpapọ̀ fún un ní ilẹ̀ méjì nínú mẹ́rìndínlógójì ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan láti fi tọ́jú ẹ̀kọ́ ọmọ. Bí epo bá jáde lábẹ́ ilẹ̀ ọ̀hún, ọmọ ilé ìwé gba tirẹ̀ pé. Ìyá arúgbó tó wà lódìkejì ọgbà gba dọ́là 7 nínú 61. Páìpù kan náà ló gbé gáàsì àwọn méjèèjì lọ.

Lẹ́yìn ẹjọ́ 2019, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀ ilé ìwé kọ̀wé sí àwọn iléeṣẹ́ pé kí wọ́n wá san gbèsè ẹ̀yìn. Àwọn iléeṣẹ́ sáré lọ sí Bismarck, níbi tí àwọn aṣòfin ń jókòó sí. Ní 2021 àwọn aṣòfin fi òfin dín iye ọdún tí ìjọba lè padà sẹ́yìn gba gbèsè kù, wọ́n sì dẹ èlé orí rẹ̀. Ti àwọn onílẹ̀ aládàáni ńkọ́? Ọ̀rọ̀ àyọkúrò wọn ti dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ léraléra. Àwọn ará oko á wọ ẹ̀wù kóòtù, wọ́n á wakọ̀ wákàtí mẹ́ta nínú yìnyín, wọ́n á jẹ́rìí, wọn á sì ní kí ìgbìmọ̀ kan lọ ṣe ìwádìí sí i. Odidi ọjọ́ 80 péré ni òfin fún ilé ìgbìmọ̀ yẹn láti jókòó láàárín ọdún méjì. Tí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ sí ìwádìí, o ti mọ̀ pé ó di ọdún mìíràn.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí, torí ọ̀rọ̀ àwọn ẹranko igbó wà nínú ilé ìgbìmọ̀ kan náà.

Tírélà omi iyọ̀ ni mò ń wà. Omi tó ń bá epo jáde nínú kànga ni, iyọ̀ rẹ̀ ju ti òkun lọ púpọ̀, àwa la ń gbé e lọ sí kànga tí wọ́n ń dà á padà sí. Ní oṣù kẹrin, tí yìnyín bá yọ́, àwọn kòtò kéékèèké tí òkìtì yìnyín ayé àtijọ́ fi sílẹ̀ sára ilẹ̀ á kún fómi, pẹ́pẹ́yẹ igbó á sì bò wọ́n. Ilẹ̀ kòtò omi yìí gùn láti Canada wá, òun ni àwọn ọdẹ ibí ń pè ní ilé iṣẹ́ pẹ́pẹ́yẹ, torí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ pẹ́pẹ́yẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà Àríwá ti ń pa ọmọ. Lọ́dún tó kọjá, abiyamọ kan tò àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó ń dá títì òkúta kọjá níwájú mi. Mo tẹ bíréèkì. Tírélà méjì mìíràn dúró lẹ́yìn mi, ẹnikẹ́ni kò fọn fèrè. Ọkùnrin tó wà nínú ti ẹ̀yìn pátápátá bọ́ sílẹ̀, ó bọ́ fìlà, bí ẹni pé òkú ìjòyè ló ń kọjá. Ní apá òsì wa, iná gáàsì ń jó fòò lórí ọ̀pá. Ní apá ọ̀tún, àbàtà tí wọ́n ń lọ.

Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfarakanra. Òótọ́ ni, àmọ́ ìgbà tí ẹyẹ bá fẹ́ balẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Whooping crane, ẹyẹ funfun kan tó ga tó ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, máa ń gba òkè ibi tí a ti ń wa epo yìí kọjá láti Canada lọ sí etíkun Texas. Ní 1941, àwọn tó ń rin ìrìn àjò yẹn kò pé ogún mọ́ láyé. Wọ́n ti lé ní 500 báyìí, torí pé èèyàn náwó, wọ́n sì fi àbàtà sílẹ̀ fún wọn.

Owó wo? Ti ìjọba àpapọ̀ ti wà láti 1937: owó orí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìbọn ọdẹ àti ọta, wọ́n pín in fún àwọn ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ fi díẹ̀ kún un. Ọdẹ ló ń tọ́jú ẹran, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Lórí epo, ọdún 2013 ni àwọn aṣòfin North Dakota tó dá àpò kan sílẹ̀ fún ẹranko àti ilẹ̀ igbó, Outdoor Heritage Fund. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Epo dọ́là 100 jáde nílẹ̀. Owó orí àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ gbà lórí rẹ̀ jẹ́ dọ́là 5. Wọ́n fa ìdá kan nínú márùn-ún sọ́tọ̀, dọ́là 1 nìyẹn. Nínú dọ́là 1 yẹn ni wọ́n ti gé ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún fún àpò náà ní 2013, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 8 ní 2015. Sẹ́ǹtì mẹ́jọ, lórí epo dọ́là 100.

Ó tún kù. Wọ́n fi òrùlé lé e: kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù dọ́là 40 lọ láàárín ọdún méjì. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, wọ́n gé òrùlé ọ̀hún kúrú gan-an ní 2017. Tí epo bá wọ́n, ẹranko kò ní rí ju òrùlé lọ. Tí epo bá pọ̀ lọ́jà, tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo rí irú àdéhùn yẹn nílé wa, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ní ká jọ dókòwò. Mi ò tún bá a dókòwò mọ́.

N kò ní purọ́, àwọn olùfẹ́ ẹranko náà ti ṣe àṣejù rí. Ní 2014 wọ́n gbé ìbò lọ síwájú gbogbo ará ìlú pé kí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí míràn tí wọ́n ń gbà lórí wíwa epo máa lọ sí omi, ẹranko àti ọgbà ìtura, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé òfin ìpínlẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èèyàn mẹ́rin nínú márùn-ún ló ní àwọn kò fẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ń bẹ̀rù pé owó ńlá yẹn á wá ra ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù wọn nídìí, èmi náà ì bá bẹ̀rù. Àmọ́ kí ẹnì kan má fi ìbò 2014 bò mí lójú pé ará ìlú kórìíra pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ wá wo títì wa lóṣù kẹrin.

Ohun tí mo rí ni pé ọwọ́ kan náà ló ń bọ inú ìkòkò méjèèjì kí a tó pín in. Ìpín ìyá onílé mi, ẹ̀yìn ìnáwó iléeṣẹ́ ló wà. Ìpín ẹranko, ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ló wà, wọ́n tún fi ìdérí bò ó. Tí ìgbìmọ̀ aṣòfin bá ń jíròrò ti iléeṣẹ́, ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń pè é. Tí ó bá kan àbàtà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣe sàráà.

Iléeṣẹ́ ní tiwọn ní àlàyé tó mọ́gbọ́n dání. Wọ́n ní bí àwọn kò bá la páìpù, tí wọn kò tún gáàsì ṣe, iná ni yóò jó o lórí ọ̀pá, onílẹ̀ kò sì ní rí dọ́là 7 pàápàá. Mo gbà pé iṣẹ́ ni wọ́n ṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba ìpín tó ju ti onílẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ni wọ́n tún ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ onílẹ̀ fún?

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù kò tilẹ̀ sí ní tábìlì ìdáná ìyá onílé mi. Àwọn Mandan, Hidatsa àti Arikara, ẹ̀yà mẹ́ta tó ti wà nílẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé, Fort Berthold ni ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn; wọ́n fi omi ìdídò Garrison bo ilẹ̀ wọn ní bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì wá rí epo lábẹ́ odò tó bo ilẹ̀ náà. Ta ló ni ìṣákọ́lẹ̀ epo abẹ́ odò? Agbẹjọ́rò àgbà iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilẹ̀ kọ̀wé ní 2017 pé tiwọn ni. Ìjọba yí padà, ẹlòmíì kọ̀wé ní 2020 pé ti ìpínlẹ̀ ni. Ìjọba tún yí padà, ìwé 2022 dá a padà fún wọn. Odò náà kò kúrò lójú kan.

Kí ẹni tó wà ní Ìgbọ́kọ̀dá, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mò ń sọ. Òfin epo tí wọ́n ṣe ní Àbújá ní 2021 fún àwọn agbègbè tí epo wà ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé ìgbìmọ̀ àgbà ní 3, ilé kejì ní 5, 3 ló borí. Ìdá 3 nínú kí ni? Nínú owó tí iléeṣẹ́ ná lórí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Kì í ṣe nínú epo. Ìdá 13 nínú owó epo tí ìwé òfin 1999 ní kó padà sí ìpínlẹ̀ elépo pàápàá, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ elépo pariwo fún ọ̀pọ̀ ọdún pé wọ́n ti ń yọ owó kan kí wọ́n tó ṣírò rẹ̀, Oǹdó sì wà lára wọn. Ìjọba Buhari ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá díẹ̀ padà.

Tí wọ́n bá bi mí, òfin ìlà méjì péré ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ ní Bismarck. Kí ìpín onílẹ̀ aládàáni máa jáde láti orí iye tí wọ́n ta gáàsì, bíi ti ọmọ ilé ìwé. Kí wọ́n ṣí òrùlé orí sẹ́ǹtì mẹ́jọ yẹn. Mi ò ní kí wọ́n fi sẹ́ǹtì kan kún un, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kó máa dàgbà bí epo ṣe ń dàgbà.

Ìyá onílé mi ti ka ìwé náà tán lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó sọ ọ́ sínú agolo bisikíìtì pẹ̀lú àwọn ti ọdún mọ́kànlá. Àwọn aṣòfin tún ń jókòó ní oṣù kìíní ọdún 2027. Mo sọ fún un pé tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú láti wá sọ̀rọ̀, èmi ni màá wà á lọ, kó gbé agolo náà dání. Ó wò mí, ó wo ọkọ̀ mi lójú fèrèsé. Ó ní, "Kọ́kọ́ lọ ra taya yìnyín."