Ẹ yé fi ìrìn dá aboyún lẹ́bi

Èrò ọkàn mi rèé, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Bí ìrọbí bá ti le, ẹ ó gbọ́: "Kò rìn ni, ọ̀lẹ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn sú mi.

Ìrìn dára lóòótọ́. Ó ń dín ewu ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún kù. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé là kalẹ̀ ní 2020. Ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún nìyẹn. Kó yára débi tí èémí á sáré díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnu ṣì lè sọ̀rọ̀. Ìdájí ló dáa jù, kí oòrùn tó mú, kí omi sì wà lọ́wọ́. Ìdúró láti àárọ̀ dalẹ́ nídìí ọjà l'Ọ́jà Ọba kò sí lára rẹ̀ o, ẹsẹ̀ wíwú nìyẹn ń fà. Tí oyún bá ti tó oṣù márùn-ún, kí aboyún yẹra fún eré ìdárayá tó ní ká fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́: ilé ọmọ á tẹ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn, òòyì á kọ́ ọ. Tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń jò, tí àyà ń dùn ún, tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú tó sì ń ro ó, kó dúró, kó gba ọsibítù lọ. Ẹni tí ibi ọmọ dí ẹnu ilé ọmọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé 140/90, kó gbàṣẹ dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Àmọ́ ìrìn nìkan kọ́ ló ń gba ẹ̀mí aboyún là, ẹ̀bi ìyá kọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wo Amẹ́ríkà. Ní 2021, ìyá tó kú nínú ìbí 100,000 jẹ́ 69.9 láàárín aláwọ̀ dúdú, 26.6 láàárín aláwọ̀ funfun. Àwọn kan ní ìran wọn ló fà á. Irọ́ ni. Ìwádìí àwọn olùwádìí méjì, David àti Collins, ní Illinois, tó jáde ní 1997, wo ìwọ̀n ọmọ tuntun, kì í ṣe ikú ìyá, ṣùgbọ́n ó ta ko ọ̀rọ̀ ìran náà: ọmọ ìyá aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Áfíríkà ń wọn gíráàmù 3,333 ní ìpíndọ́gba. Ti aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà 3,089. Ti aláwọ̀ funfun tí wọ́n bí níbẹ̀ 3,446. Tó bá jẹ́ ìran ni, ṣebí ti ọmọ Áfíríkà ni ì bá kéré jù?

Lọ́dọ̀ wa, àwọ̀ wa kò yàtọ̀, ìtọ́jú ló yàtọ̀. Ètò Abíyè, ètò ìtọ́jú aboyún ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Òǹdó, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọrẹ ní 2009, dojú kọ ìdádúró mẹ́rin: kí wọ́n tó pinnu láti wá ìtọ́jú, kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n tó rí ìtọ́jú, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Ìrìn ìdájí kò kan ọ̀kankan níbẹ̀. Ọkọ tó ń pariwo "jáde lọ rìn", ṣé owó ọkọ̀ òru ti wà nílẹ̀?