Ẹ yọ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní olè

Ẹ̀yin tíṣà wa ní Texas, mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lè má dùn létí yín. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí Biden ti buwọ́ lu Social Security Fairness Act ni ijó ti ń lọ lórí WhatsApp. Òfin yìí ló fagi lé WEP àti GPO, òfin méjì tó máa ń gé Social Security, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, fún ẹni tó ní irú pẹ́ńṣọ̀n ìjọba tí tíṣà ń gbà. "Wọ́n ti dá owó wa padà! Àwọn olè!" Inú mi dùn sí owó tó wọlé fún yín. Olè yẹn ni mi ò gbà.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìjọba ní Texas kì í yọ Social Security lára owó oṣù tíṣà. TRS, ìyẹn pẹ́ńṣọ̀n ìpínlẹ̀, ni tíṣà ń san owó sí. Àmọ́ ẹni tó ti wa takisí tàbí tó ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kó tó di tíṣà ti san Social Security níbẹ̀. Owó yẹn ni òfin WEP ti ọdún 1983 máa ń gé tẹ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí: ìṣirò Social Security máa ń ṣàánú ẹni tí owó rẹ̀ kéré. Nínú apá àkọ́kọ́ lára àròpin owó tó ń wọlé fún un lóṣù, ìdá 90 nínú 100 ni wọ́n fi ń ṣírò fún un. Tó bá kọjá ibẹ̀, ó di 32, lẹ́yìn náà 15. Ẹni tó wa takisí fún ọdún mẹ́wàá, tó wá fi ogún ọdún ṣe tíṣà, òdo ni ogún ọdún yẹn nínú ìwé wọn. Tálákà ló jọ lójú wọn, kì í sì í ṣe tálákà. Nígbà náà, WEP lè sọ 90 yẹn di 40, kí $900 di $400.

Ó le o, mi ò jiyàn. Kevin Brady, tó jẹ́ aṣòfin láti Texas níbí nígbà náà, gbé ìṣirò mìíràn wá tí yóò wo ìpín tí èèyàn san Social Security lé lórí nínú gbogbo owó tó ti wọlé fún un. Ìyẹn ni mo fara mọ́, àmọ́ kò di òfin.

Ti opó gan-an ló ń dùn mí. Tẹ́lẹ̀, GPO máa ń fi ìdá méjì nínú mẹ́ta pẹ́ńṣọ̀n ìjọba tí opó ń gbà fúnra rẹ̀ gé owó Social Security tó fẹ́ gbà lórí ọkọ rẹ̀. Ká ní pẹ́ńṣọ̀n tíṣà kan jẹ́ $1,500 lóṣù, tí Social Security ọkọ rẹ̀ tó ti kú sì jẹ́ $1,800. Wọ́n á yọ $1,000, á ku $800, àpapọ̀ á jẹ́ $2,300. Ẹ wá wo ìyá tó ń tọ́jú arúgbó ní ilé àgbàlagbà ní Houston, ẹni tí wọ́n ń yọ Social Security lára owó rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé. Social Security tirẹ̀ náà jẹ́ $1,500, ti ọkọ rẹ̀ olóògbé jẹ́ $1,800. Èló ló ń gbà? $1,800 péré! Èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n ń fún un. Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní olè.

Ní báyìí tí wọ́n ti fagi lé GPO, tíṣà á gba $3,300. Ìyá ilé àgbàlagbà ṣì wà lórí $1,800.

Ẹ óò ní, "Àwa náà san TRS." Ẹ san án. Ṣé ìyá yẹn ò san tirẹ̀ ni? Tíṣà, ọlọ́pàá àti panápaná ní ẹgbẹ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún pààrà Washington. Ta ló bá ìyá yẹn lọ? Nǹkan bíi bílíọ̀nù 196 dọ́là láàárín ọdún mẹ́wàá ni àwọn oníṣirò Ilé Aṣòfin ní òfin yìí máa ná ìjọba, inú àpò Social Security kan náà tí ìyá yẹn ń sanwó sí ni yóò sì ti jáde. Bí wọ́n bá fẹ́ kí opó máa gba méjèèjì, kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo opó gbà á.

Mi ò ní kẹ́ ẹ dá kọ́bọ̀ padà o. Kódà, opó tíṣà tí kò kọ fọ́ọ̀mù rí torí ó mọ̀ pé òdo ni wọ́n máa fún un, kó tètè lọ kọ ọ́. Wọn ò ní wá a wálé.