Ilé Hancock ní Boston: kì í ṣe fífì ló já gíláàsì rẹ̀ bọ́

Tí ọ̀rọ̀ bá ti kan John Hancock Tower, ilé onígíláàsì tó ga jù ní Boston lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ohun kan náà ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu èèyàn: ilé náà ń fì jù nínú ìjì, ìyẹn ló jẹ́ kí gíláàsì rẹ̀ máa já bọ́ lọ́dún 1973. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Òótọ́ ni pé gíláàsì já bọ́. Ilé alájà 60 ni, ó ga tó nǹkan bíi mítà 240, gíláàsì tó wà lára rẹ̀ lé ní 10,000, ọ̀kan ṣoṣo sì wúwo ju 220 kílò lọ. Ìjì oṣù Kìn-ín-ní 1973 ba ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́. Pákó ni wọ́n fi dí ojú ihò, ó sì pọ̀ débi pé àwọn ará ìlú ń pe ilé náà ní ààfin pákó. Bí afẹ́fẹ́ bá ti le, wọ́n á ti òpópónà tó wà nísàlẹ̀ pa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni etí gíláàsì. Méjì méjì ni wọ́n pa wọ́n pọ̀, àlàfo wà láàárín, òjé ni wọ́n sì fi iná jó mọ́ etí wọn yí ká. Òjé náà lẹ̀ mọ́ ọn jù. Ooru ń mú gíláàsì fẹ̀, òtútù ń mú un súnkì, afẹ́fẹ́ ń tì í síwá sẹ́yìn, ó sì yẹ kí ibi tí wọ́n jó yẹn rọ̀ díẹ̀ kó lè gbà á mọ́ra. Kò rọ̀. Nígbà tó yá, gíláàsì ló sán. Ẹ̀rí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni èyí: nígbà tí wọ́n yẹ òjé náà wò dáadáa, èérún gíláàsì ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Òjé ò tú. Gíláàsì ló já kúrò lára ara rẹ̀.

Ilé náà ń fì lóòótọ́, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé. Òòyì ń kọ́ àwọn tó wà lókè, ni wọ́n bá gbé ohun wíwúwo ńlá méjì, tọ́ọ̀nù 300 ọ̀kọ̀ọ̀kan, sí àjà 58 kó máa dín fífì náà kù. Bruno Thürlimann, ẹnjiníà ọmọ Switzerland, tún ṣírò rẹ̀ pé ilé náà lè wó gba ìhà tó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì fi nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1,500 irin kún un. Ìṣòro mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, lára ilé kan, lákòókò kan náà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sì bá ara wọn ṣàdéhùn pé àwọn ò ní sọ̀rọ̀ síta, ni kálukú láàárín ìlú bá ń sọ tiẹ̀.

I. M. Pei, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé, náà ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n Henry Cobb, alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀, ló ya ilé náà.

Ní ti gíláàsì, gbogbo 10,344 ni wọ́n yọ, títí kan èyí tí kò sán. Gíláàsì ẹyọ kan tí wọ́n fi iná mú le ni wọ́n fi rọ́pò wọn, láìsí òjé létí rẹ̀.