Ara jọ̀lọ̀, ọkàn ńkọ́?

Iyán la jókòó tì ní Ìkéré-Èkìtì lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá tí ẹ̀gbọ́n mi fi ká apá bùbá wọn sókè, wọ́n ní kí n fọwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́ àwọn. Ó jọ̀lọ̀ bí iyán tí kò ní kókó. Lọ́dún tó kọjá, bí wọ́n bá dìde lórí àga, ìgbálẹ̀ la fi ń kó èépá funfun tó bá já sílẹ̀. Làpálàpá làwọn ará àdúgbò ń pè é, àwọn kan tiẹ̀ ń sọ ẹ̀tẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Psoriasis ni, kì í ràn.

“Ó ti tán,” ni wọ́n wí. “Mi ò lọ fún àyẹ̀wò kankan mọ́.”

Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ nìyẹn: àrùn awọ lásán ni, bí awọ bá ti dán, ó parí. Irọ́ ni. Àwọn ọmọ ogun inú ara tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló ṣìnà. Awọ tó yẹ kó lo bí oṣù kan kó tó pààrọ̀ ara rẹ̀, ọjọ́ mélòó kan ló fi ń ṣe é. Iná tó ń jó lábẹ́ awọ yẹn ń dé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí àrùn ọkàn fi wọ́pọ̀ jù lára ẹni tí tiẹ̀ bá le.

Àwọn mìíràn á ní oògùn tó wo awọ á wo ọkàn. Ìbá dára! Ẹ jẹ́ ká wo mẹ́rin nínú oògùn psoriasis. Abẹ́rẹ́ adalimumab mú CRP, àmì iná yẹn nínú ẹ̀jẹ̀, wálẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí ya àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, iná inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú. Methotrexate (ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni o, ìlò ojoojúmọ́ lè pani), wọ́n dán an wò lára alárùn ọkàn tó lé ní 4,700, kì í ṣe nítorí awọ, kò sì dín ewu ọkàn wọn kù. Acitretin máa ń gbé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ciclosporin ló burú jù lójú mi: ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì ń da kídìnrín láàmú, bẹ́ẹ̀ awọ á máa dán.

Mo ní kí wọ́n mú páálí oògùn wọn wá. Ciclosporin ni.

A gbé ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wa jáde. 162 lórí 98. Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹ̀rọ, wọ́n wo ìgbọ̀nwọ́ wọn, wọ́n béèrè pé aago mélòó ni ọsibítù ń ṣí lọ́jọ́ Ajé.