Ìrẹ̀lẹ̀ tó ń wo òkè nìkan

Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ bí a ti ń tẹríba fún ẹni tó ju ni lọ. Ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, obìnrin ń kúnlẹ̀, a sì ń fi ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ẹ̀kọ́ ilé ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n èrò ọkàn mi ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwa Kristẹni ìlú Ìbàdàn yìí ti fi ọ̀wọ̀ náà rọ́pò ìrẹ̀lẹ̀ tí Jésù fi hàn wá. A ń rẹ ara wa sílẹ̀ níwájú bíṣọ́ọ̀bù, níwájú olówó ìjọ àti níwájú ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá ti yíjú sí ọmọ-ọ̀dọ̀, sí ọlọ́kadà, tàbí sí alábàárù tó bá wa gbé ẹrù ní ọjà Bódìjà, ohùn wa á yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún Jòhánù orí 13 kà. Ẹsẹ kẹta sọ fún wa pé Jésù mọ̀ pé Baba ti fi ohun gbogbo lé òun lọ́wọ́, ẹ̀yìn èyí ló tó dìde nídìí oúnjẹ, tó bọ́ aṣọ òkè rẹ̀, tó sì bu omi sínú àwokòtò. Kì í ṣe pé kò mọ iyì ara rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, síbẹ̀ ẹsẹ̀ àwọn tó ń pè é ní Olúwa ló wẹ̀. Júdásì wà láàárín wọn, nítorí ẹsẹ 30 ni ó tó jáde lọ sínú òru. Pétérù kọ̀ jálẹ̀, ó ní Olúwa kò ní wẹ ẹsẹ̀ òun láéláé. Mo fura (èrò tèmi nìyí o) pé Pétérù ti rí i pé bí Ọ̀gá bá lè ṣe èyí, kò ní sí àwáwí kankan fún òun náà mọ́.

Ní ọdún 1853, nígbà tí David Hinderer, òyìnbó míṣọ́nnárì, àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá fìdí iṣẹ́ ìhìnrere kalẹ̀ ní Kúdẹtì nílùú Ìbàdàn yìí, ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn ni Daniel Olúbí. Nígbà tí ogun tí Ìbàdàn bá Ìjàyè jà dí ọ̀nà, tọkọtaya náà ń ta ohun èlò ilé wọn kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn lè rí oúnjẹ jẹ. Nígbà tí wọ́n sì kúrò nílùú ní 1869, Olúbí ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́, wọ́n sì fi í jẹ díákónì ní 1871. A fẹ́ràn láti pariwo irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ pé Ọlọ́run gbé ìránṣẹ́ ga. Ohun tó kàn mí ni pé ọ̀gá rẹ̀ kò fi í sílẹ̀ sí ìdí iṣẹ́ ilé.

Nínú ìjọ kan tí mo mọ̀ ní apá Òkè-Àdó, màmá kan wà tó ti fẹ̀yìntì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé. Ní òwúrọ̀ Sátidé, yóò ró ìró àlòkù, yóò fa omi nínú kànga, yóò da Izal sí i, yóò sì fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì títí omi tó ń ṣàn jáde yóò fi mọ́ gaara. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tó rò pé ìjọ ló ń sanwó fún un, sọ pé, “Màmá, ẹ tún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn fọ̀.” Màmá ní, “Ó dára, ọmọ mi,” wọ́n sì tún un fọ̀. Wọn ò ṣàlàyé kankan.

Èyí kò wá ní ká máa fi orúkọ ìrẹ̀lẹ̀ jẹ owó alágbàṣe o. Jákọ́bù orí karùn-ún ti sọ pé etí Olúwa ni igbe irú owó bẹ́ẹ̀ ń dé.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Bí ìjọ bá ń pín iṣẹ́ fún oṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn alàgbà àti ìyá ìjọ mọ́ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí wọ́n sì wá fúnra wọn, láìrán ọmọ-ọ̀dọ̀ wá dípò.