Iyán Wọlé, Ìwé Ò Wọlé

Mo lọ wo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́gbà ẹ̀wọ̀n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, torí ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ìdájí ni mo ti gúnyán l'Ádó kí n tó wọkọ̀.

Wọ́dà ní kí n tọ́ iyán wò. Mo bu òkèlè méjì lójú ẹ̀, ó ní ó ti tó. Ó wá kan ìwé. Mẹ́ta ni mo kó dání torí WAEC tí ọmọ náà fẹ́ ṣe. Ó gbọn ti ìṣirò yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀, ó fa páálí ẹ̀yìn rẹ̀ ya. Ìyẹn ò bí mi nínú, mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń há igbó síbẹ̀. Àfi ìgbà tó ṣí jọ́gíráfì, tó rí máàpù.

"Màmá, èyí ò lè wọlé o. Ẹni tó bá fẹ́ sá lọ á lò ó."

Máàpù Áfíríkà ni o! Mo ní ṣé odò Náìlì ni yóò tọ̀ dé gáréèjì Adó ni? Ó ní kí n má bá òun ṣàwàdà, àṣẹ ni. Mo ní kó fi àṣẹ náà hàn mí. Kò rí nǹkan kan mú jáde.

Kí wọ́n yẹ ìwé wò, mo fara mọ́ ọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé inú ẹni tó bá wà lẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà ni òfin ń gbé. Ohun tí wọ́dà àárọ̀ gbà, ti ìrọ̀lẹ́ lè dá a padà.

Ní 2019 ni òfin tuntun yọ "ẹ̀wọ̀n" kúrò lórúkọ ilé iṣẹ́ wọn, tó fi "àtúnṣe" rọ́pò. Òfin Mandela, ìyẹn ìlànà lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa tọ́jú ẹlẹ́wọ̀n, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2015 sì ní kí gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ilé ìkàwé. Ilé ẹjọ́ ò tíì dá ọmọ wa lẹ́bi pàápàá. Irú wọn ló pọ̀ jù lẹ́wọ̀n Nàìjíríà. Àwa Èkìtì tí bàbá ń ta ilẹ̀ kí ọmọ lè kàwé, a wá ń wò wọ́n níran?

Sójà ti Ṣóyínká mọ́lé láàárín 1967 sí 1969, wọ́n fi ìwé àti gègé dù ú, ó fúnra rẹ̀ ṣe yíǹkì, ó ń kọ̀wé sórí pépà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìgbà ogun nìyẹn. Èwo là ń jà báyìí?

Màá padà lọ lóṣù tó ń bọ̀. Màá mú jọ́gíráfì náà dání, pẹ̀lú bébà òfìfo àti báírò, kí ẹni tó bá dá a padà kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀, kó buwọ́ lù ú.