Ẹ fún wa ní ṣéńjì wa!

Ọ̀rọ̀ "kò sí ṣéńjì" yìí ti sú mi o! Owó kékeré ti tó láti fi gbafẹ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin). Láti Kútọnù, kò ju bíi kìlómítà 30 lọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbowó lọ́wọ́ ẹ kó o tó dúró wo mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà. Àwọn ọlọ́kadà ló ń bà á jẹ́. Èmi àti ọ̀kan nínú wọn ti jọ ná owó ọkọ̀ sí 300 sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀. Mo na 500 sí i, ló bá ní òun ò ní ṣéńjì, bẹ́ẹ̀ owó ẹyọ ń dún woroworo lápò rẹ̀! 200 yẹn, àkàrà àárọ̀ mi ni. Kí ló dé tó jẹ́ èmi oníbàárà ló máa wá ṣéńjì kiri?